Ìjábọ̀ àti Gíráàfù Inú Nótíbúùkù Kọ̀ǹpútà: Lámèyítọ́ Lórí Ohun Tí A Lè Gbà Gbọ́ Nínú Ìwádìí Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí jẹ́ lámèyítọ́ lórí nótíbúùkù kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń lò láti kọ àlàyé, láti pàṣẹ ìṣirò àti láti ya gíráàfù lójú ewé kan náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti yìn ín pé ó ń mú kí ìwádìí hàn gbangba. A fara mọ́ ìyìn yìí, ṣùgbọ́n a fi hàn pé ojú ewé tó mọ́ lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an pamọ́ fún òǹkàwé. A fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà nínú èdè Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ, a sì ṣe àgbéyẹ̀wò nótíbúùkù tí ẹgbẹ́ Masakhane pín fún àwọn olùwádìí èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Èrò wa ni pé ìjábọ̀ inú nótíbúùkù kì í di ẹ̀rí títí di ìgbà tí ẹlòmíràn bá lè tún un ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí olùwádìí sì ti sọ ohun tí ó kà sí ọ̀rọ̀ kan.

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí wà ní ipò akẹ́kọ̀ọ́, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí máa ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì; ìṣirò wà lórí bébà mìíràn; gíráàfù sì wà lórí bébà onílà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi rúlà àti pẹ́ńsù yà. Bí olùdarí iṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gíráàfù bá ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì mu, àfi kí ó tọ ọ̀nà jíjìn padà. Ìgbà díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni máa ń tọ̀ ọ́.

Nótíbúùkù kọ̀ǹpútà ti kó ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àlàyé rẹ̀, ó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé sí abẹ́ rẹ̀, èsì àti gíráàfù sì ń yọ jáde níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá parí, ó lè sọ gbogbo rẹ̀ di ìjábọ̀ kan ṣoṣo, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ó sì fi í lé olùdarí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní agbègbè Ìjẹ̀bú Àríwá. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2001, wà ní Àgọ́-Ìwòyè láàárín wa. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì jọ ń rìn ní títì kan náà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ igi gẹdú. Ẹni tó ra pákó tí wọ́n ti fá lójú dáadáa kò lè fi ojú lásán mọ bí gẹdú náà ti rí kí wọ́n tó là á. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíráàfù tó dán rí. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá béèrè kí ó tó gba irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí?

2.0 Orísun nótíbúùkù kọ̀ǹpútà

Èrò tó bí irinṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1984, Donald Knuth gbé èrò kan jáde pé kí ẹni tó ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà máa kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àlàyé àti àṣẹ jọ wà pọ̀. Ní 1988, Mathematica gbé nótíbúùkù jáde fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ní 2001, Fernando Pérez, ọmọ ilẹ̀ Kòlóńbíà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ IPython. Nótíbúùkù tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2011. Ní 2014, iṣẹ́ náà gbòòrò ju èdè kọ̀ǹpútà kan lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jupyter. Orúkọ èdè kọ̀ǹpútà mẹ́ta, Julia, Python àti R, ló wà nínú orúkọ náà, wọ́n sì fi rántí ìwé àkọsílẹ̀ tí Galileo kọ ohun tó rí nípa àwọn òṣùpá Júpítà sí ní 1610. Ní 2017, Google ṣí Colab sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tó jẹ́ kí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà alágbára lè yá ti ibòmíràn lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àpótí àpótí ni wọ́n pín nótíbúùkù sí. Àpótí kan lè gba àlàyé, òmíràn lè gba àṣẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àṣẹ ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀: 1, 2, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A rọ òǹkàwé kí ó fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

3.0 Ohun tó yẹ kí a yìn

Kò ní dára kí lámèyítọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àléébù nìkan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń jẹ́ LIGO kéde ní 2016 pé àwọn ti gbọ́ ìgbì òòfà láti ojú ọ̀run wá, wọ́n gbé nótíbúùkù jáde tí ẹnikẹ́ni lè fi tún ìṣirò náà ṣe, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí gíráàfù tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó máa ń wà ní ìkáwọ́ àwọn àgbà nìkan di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn.

Fún èdè Yorùbá, àǹfààní mìíràn tún wà. Kò sí ohunkóhun nínú nótíbúùkù tó ní kí àlàyé jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. A lè fi Yorùbá kọ ète, ìlànà, èsì àti ìtúpalẹ̀, kí a fi Yorùbá sọ orúkọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ gíráàfù, kí gbogbo rẹ̀ sì wà pẹ̀lú àmì rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń lo àyè àlàyé yìí. Rule àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2018) wo nótíbúùkù tó lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́rin kò ní àlàyé kankan nínú, àṣẹ àti àwòrán lásán ni. Irú nótíbúùkù bẹ́ẹ̀ dà bí alọ́ tí a pa tí a kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

4.0 Ìtòtẹ̀léra: bí ojú ewé ṣe lè yàtọ̀ sí iṣẹ́

Àléébù tó ga jù lọ nínú nótíbúùkù ni pé òǹkàwé ń kà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò fi dandan ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣe àpótí karùn-ún ṣáájú ìkejì; ó lè ṣe ìkẹta lẹ́ẹ̀mẹrin; ó lè pa àpótí kan rẹ́ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Àpótí parẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò parẹ́ nínú iyè kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìtàkùrọ̀sọ àwọn tó ń ná ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, ó fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ yọ jù. Àpótí kìíní ka ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àpótí kejì yọ gbogbo àmì kúrò, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ náà kàn fẹ́ dán nǹkan kan wò. Àpótí kẹta ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Àpótí kẹrin ya gíráàfù. Lẹ́yìn èyí, ó ronú pé kò yẹ kí òun yọ àmì, ó sì pa àpótí kejì rẹ́, ṣùgbọ́n kò tún ìyókù ṣe. Ìjábọ̀ tó tẹ̀ jáde yóò fi hàn pé ó ka ọ̀rọ̀, ó ṣírò, ó ya gíráàfù. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé àmì ti kúrò.

Kí ni yóò wà nínú gíráàfù náà? Ọ̀pá kan ṣoṣo tó ga fíofío, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ oko. Nínú ọ̀pá yìí ni oko tí àgbẹ̀ ń lọ wà, àti ọkọ tí ìyàwó fẹ́, àti ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, àti ọkọ̀ tó kó ẹrù wá sí ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ oko ló gba ọkàn àwọn ènìyàn ibẹ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀. Kò purọ́, kọ̀ǹpútà náà kò ṣìṣe nínú ìṣirò. Síbẹ̀, irọ́ ni ìjábọ̀ náà pa mọ́ àwọn ará ọjà.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àpótí ni ì bá tú àṣírí. Bí àpótí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 3, ó yẹ kí olùdarí béèrè ibi tí 2 wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ nótíbúùkù di ìjábọ̀ tó mọ́ fún títẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n a fi àṣẹ gan-an sílẹ̀, gíráàfù á sì ṣẹ́ kù lóun nìkan.

Bí iná bá lọ tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ewu yìí tún ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí a yá láti orí Colab kì í dúró de ènìyàn. Bí a bá pẹ́ kí a tó padà, ohun tó wà nínú iyè rẹ̀ á ti parẹ́. Ẹni tó ń kánjú kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò mú un láti àárín. Gíráàfù àná yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò òní lójú ewé kan náà, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀.

Kì í ṣe àròsọ ni a ń sọ. Pimentel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2019) kó nótíbúùkù bíi mílíọ̀nù 1.4 jọ. Nínú àwọn tí wọ́n lè gbìyànjú láti tún ṣe, ìdá 24.11 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló parí láìsí àṣìṣe, ìdá 4.03 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sì mú èsì kan náà wá. Ní 2018, Joel Grus ti dúró níwájú àwọn olólùfẹ́ Jupyter fúnra wọn níbi ìpàdé wọn, ó sì sọ fún wọn pé òun kò fẹ́ràn nótíbúùkù, nítorí ọ̀rọ̀ ìtòtẹ̀léra yìí gan-an. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀bi ẹni tó ń lò ó ni, kì í ṣe ti irinṣẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó mú kí àṣìṣe rọrùn láti ṣe, tó sì mú kí ó ṣòro láti rí, kò lè wẹ̀ mọ́ pátápátá.

5.0 Àmì Yorùbá lójú kọ̀ǹpútà

Bí a bá tilẹ̀ tún iṣẹ́ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a kò sì yọ àmì kankan, ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti èdè wa. Ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 sọ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò ti rí lójú ènìyàn. Kò sọ bí yóò ti rí nínú kọ̀ǹpútà, nítorí ìyẹn kò tíì di ọ̀rọ̀ nígbà náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà ayé fi ń pa lẹ́tà mọ́, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ fáwẹ̀lì àkọ́kọ́: a lè lo ọ tó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀ lára, a sì lè kọ o lásán kí a fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e. Fáwẹ̀lì kejì ní ọ̀nà mẹ́rin: ọ kí àmì òkè tẹ̀ lé e, ó kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, o lásán, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì òkè, tàbí o lásán, àmì òkè, lẹ́yìn náà àmì abẹ́. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí Unicode yà sọ́tọ̀ fún ọ́. Méjì lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀nà mẹ́jọ ni a lè gbà kọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ènìyàn ń rí bí ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, tí onítọ̀hún kọ̀ọ̀kan lo bọ́tìnnì tirẹ̀, ọjọ́ lè di ọ̀pá méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gíráàfù, gbogbo wọn á máa jẹ́ orúkọ kan náà, gbogbo wọn á sì kúrú ju bó ti yẹ lọ. Nínú àpẹẹrẹ ti òkè, kọ̀ǹpútà so ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan. Níhìn-ín, ó fọ́ ọ̀rọ̀ kan sí wẹ́wẹ́.

Àtúnṣe wà. Python ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ unicodedata tó lè sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́jọ di ọ̀kan, bí olùwádìí bá pàṣẹ fún un. Ohun tó tilẹ̀ ń tanni jẹ ni pé, láti ọ̀wọ́ kẹta Python tó jáde ní 2008, bí a bá fi lẹ́tà Yorùbá sọ orúkọ ohun tí a ń ṣírò, Python fúnra rẹ̀ ló ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọsílẹ̀ orúkọ náà di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a gbé fún un láti kà. Ẹni tó bá rí i pé ti orúkọ ń ṣiṣẹ́ lè rò pé ti ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, irinṣẹ́ yìí kò lè parí iṣẹ́ náà. Àwọn òǹkọ̀wé kan ń fi ilà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó rí roboto. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú Unicode, àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, unicodedata kò sì ní so wọ́n pọ̀. Ẹni tó mọ èdè nìkan ló lè sọ pé kí a kà wọ́n sí ọ̀kan. Ibí yìí ni olùkọ́ èdè Yorùbá kò ti gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò kan òun. Ìpinnu lórí ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

6.0 Nótíbúùkù Masakhane

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí èdè ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Wọ́n ṣe nótíbúùkù kan sórí Colab tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ ẹ̀rọ láti túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè abínibí rẹ̀. Ní òkè rẹ̀, olùwádìí yóò kọ àmì èdè rẹ̀. Ti Yorùbá jẹ́ yo. Lẹ́yìn náà yóò máa ṣe àpótí kọ̀ọ̀kan títí èsì yóò fi jáde. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, wọ́n ní àwọn ti rí èsì fún èdè tó lé ní ọgbọ̀n, àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ ìmọ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ sì kópa nínú rẹ̀. Ní 2021, iṣẹ́ náà gba àmì-ẹ̀yẹ ìwádìí ti Wikimedia Foundation.

Ìyìn tọ́ sí àwọn ohun kan nínú nótíbúùkù náà. Wọ́n sọ nọ́ńbà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpòpọ̀ gbólóhùn, kí ẹlòmíràn lè pò ó bákan náà. Wọ́n tún yọ àwọn gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò kúrò nínú èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ, kí ó má baà jẹ́ pé ìbéèrè tí ẹ̀rọ ti rí tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò fún un. Olùkọ́ wo ni kò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó?

Ṣùgbọ́n ohun méjì gba àròjinlẹ̀. Èkíní ni orísun gbólóhùn. Nótíbúùkù náà gbára lé JW300, àkójọ gbólóhùn láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tí Agić àti Vulić gbé jáde ní 2019. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àkójọ yìí kúrò níta nítorí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ìwé. Àpótí tó ń lọ gbé e wá ṣì wà lójú ewé, èsì sì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lónìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ yóò kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni nínú ilé. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó kọ nótíbúùkù náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá ni: iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò sí ní ìkáwọ́ wa.

Èkejì ni òṣùwọ̀n. BLEU, tí Papineni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2002, ni wọ́n fi ń wọn ìtumọ̀. Ó ń wo bí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ ti bá ti ènìyàn mu tó. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọkọ níbi tí ọkọ̀ yẹ kó wà, ó kùnà, ó sì yẹ kó kùnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọ ọjọ́ ní ọ̀nà kan tí ènìyàn sì kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn nínú mẹ́jọ tí a sọ, tí kò sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, yóò kùnà níbẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò jáde. Kò ní sọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe èdè àti èyí tó jẹ́ àṣìṣe bọ́tìnnì. Ìdí nìyí tí a fi gbóríyìn fún Masakhane pé wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tó gbọ́ èdè fúnra wọn ka ìtumọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, fún ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èdè náà. Ìdí kan náà ni iṣẹ́ Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2021) fi níyì. Wọ́n kó gbólóhùn 20,100 jọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, láti inú ìròyìn, fíìmù, òwe àti àwọn ibòmíràn, wọ́n sì fi ṣàyẹ̀wò ipa tí orísun gbólóhùn àti àmì ń kó nínú ìtumọ̀. Àmì kò jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ wọn. Òun gan-an ni wọ́n ń wádìí.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nínú nótíbúùkù, yo ni a ń kọ, èsì á sì jáde ní orúkọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Àwà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní etí omi Abígi kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò pọ́ńbélé. Gíráàfù tó ní òun sọ bí Yorùbá ti rí gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá ta ni.

7.0 Àbá

Lórí ohun tí a ti sọ wọ̀nyí, a dá àbá márùn-ún fún àwọn olùdarí iṣẹ́ àkànṣe.

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa iyè kọ̀ǹpútà rẹ́, kí ó sì tún nótíbúùkù ṣe láti àpótí kìíní dé ìkẹyìn, kí ó tó fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àpótí gbọdọ̀ tò láti 1 láìfo ìkankan.

(ii) Kí nótíbúùkù gan-an bá ìjábọ̀ orí bébà rìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkójọ náà, bí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbára lé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìkan.

(iii) Kí àpótí kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí yóò sọ, ní èdè Yorùbá, irú àmì tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe sọ ọ̀nà ìkọsílẹ̀ di ọ̀kan, àti ẹ̀ka-èdè tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

(iv) Kí àlàyé wà lókè gbogbo gíráàfù nípa ohun tó ń kà, kí àlàyé mìíràn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nípa ohun tí kò lè sọ.

(v) Kí olùdarí mú ọ̀pá tó ga jù nínú gíráàfù, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn mẹ́wàá tó wà lábẹ́ rẹ̀ han òun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Òun ni ì bá sì ti tú àṣírí oko àti ọkọ̀ nínú àpẹẹrẹ wa.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti wo nótíbúùkù kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìjábọ̀ àti gíráàfù ti ń wáyé. A rí i pé ó fa olùwádìí àti òǹkàwé sún mọ́ra ju bébà onílà wẹ́wẹ́ lọ. A tún rí i pé ìtòtẹ̀léra inú rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ojú ewé, pé àmì Yorùbá lè so ọ̀rọ̀ pọ̀ tàbí kí ó fọ́ wọn láìsí ẹni tó mọ̀, àti pé iṣẹ́ tó dára pàápàá lè di èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Iṣẹ́ àtúnṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ọjọ́ kan náà. Kò yẹ kí a dúró de ogún ọdún kí a tó ṣe é, nígbà tí olùdarí lè ṣe é kí ó tó fọwọ́ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá kò ní láti di onímọ̀ kọ̀ǹpútà kí ó tó lè béèrè ìbéèrè tó tọ́. Ohun tí ó ti mọ̀ nípa oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.